Bùràímọ̀, Ẹ̀gbọ́n Mi Inú Àwo

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ tó sọ ọ́, kí n lè gbà á lẹ́nu yín. Ìyàwó mi gan-an, tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú ẹ̀, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ bu ìrẹsì fún àwọn àlejò lọ́jọ́ náà, kò gbà mí gbọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ni Bùràímọ̀, pé mo kàn ń fi pamọ́ ni. Bí ẹni tí a jọ ń sùn sórí ẹní kan náà bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ retí lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí?

Ohun mìíràn tí ẹ kò ní gbà ni pé mo pe ara mi ní ará ìdálẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó lọ sájò, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n lọ. Bí wọ́n bá dé, wọn a máa sọ̀rọ̀ òtútù, wọn a máa sọ bí omi ṣe ń dì lójú fèrèsé, àwa tí a ń gbọ́ á ká ọwọ́ mọ́ àyà bíi pé òtútù ń mú àwa náà. Èmi, láti Ẹ̀pẹ́ ni mo ti gbéra, Ìkòròdú ni mo sì dé sí. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná. Ọ̀sà kan náà ló ń fọ ẹsẹ̀ ìlú méjèèjì. Igbá tó bá bọ́ lọ́wọ́ obìnrin létí omi Ẹ̀pẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá gbè é, ó lè ṣáájú mi dé Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín: ìdálẹ̀ tó wà nítòsí ló le jù. Ẹni tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ayé ní í ṣàánú ẹ̀. Ẹni tó lọ sí Ìkòròdú, bó bá ní àárò ilé ń sọ òun, wọ́n á bi í pé ṣé orí ẹ̀ pé.

Irú ilé tí wọ́n bí mi sí ló tún wá dá kún un. Ọmọ àwọn tó sá kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́ láyé ogun ni wá. Nígbà tí àwọn bàbá ńlá wa ń wọ ọkọ̀, ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn ń padà bọ̀ láìpẹ́. Àwa ọmọ ọmọ wọn la ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́ tí a ń retí láìpẹ́ náà. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan bá gbé àpótí tó ní òun ń bọ̀, kò sí ẹni tí í dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ìyá mi sunkún létí omi títí eteetí gèlè ẹ̀ fi rin. Bàbá mi fẹ́ gbà mí níyànjú, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé, èémí kò tó o. Ó na ọwọ́ sí mi, ó mí, ó tún mí. Nígbà tí yóò fi rí ọ̀rọ̀ sọ, ọkọ̀ ti lọ.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ èémí bàbá mi yìí sọ́kàn o. Ọkùnrin dáadáa ni, àwọ̀n ló ń tún ṣe fún àwọn apẹja, ọwọ́ ẹ̀ yá, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fún un ní afẹ́fẹ́ púpọ̀. Wọ́n fi í pe ìrun lẹ́ẹ̀kan ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Ó gbé e, ohùn dùn, ó dé àárín, ó gbẹ. Ẹlòmíràn ló bá a parí ẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kò gbàgbé rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí òun náà gbàgbé.

Iṣẹ́ tí ìjọba fi rán mi ní Ìkòròdú ni iṣẹ́ wolé-wolé. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n: èmi ni mò ń wọ aṣọ kakí àti fìlà líle, tí mo ń wọ ilé onílé láti yọjú sínú ìkòkò omi wọn. Bí mo bá rí tanwíji, ó di kóòtù. Kí n tó yọ lópin ọ̀nà, ìkìlọ̀ á ti ṣáájú mi láti ojúlé dé ojúlé pé, "Wolé-wolé ń bọ̀," ẹ ó sì máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi nù ṣàà, ṣàà, ṣàà. Mo gbé Ìkòròdú pẹ́ kí n tó mu omi nílé ẹnì kan. Kì í ṣe ahun ni wọ́n. Bí mo bá ti dé, omi ti tán.

Ìtìjú àkọ́kọ́ tó tún bá mi ni pé mo fi owó ra ẹja. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́ kò lè mọ bí èyí ṣe rí lára. Nílé wa, ẹja a máa wọlé bíi pé ó mọ ọ̀nà. Ní Ìkòròdú, mo dúró níwájú Ìyá Rámù, obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ tó ń fi ọkọ̀ kó ẹja yíyan wá tà lọ́jọ́ ọjà, mo na owó sí i. Ó wo owó, ó wò mí.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni ọmọ Bàbá Aláwọ̀n?"

"Èmi ni, mà."

"O wá fẹ́ ra ẹja."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń ra ẹja." Ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í. "Ẹ wá wo nǹkan o. Ìdálẹ̀ kò mọ ọmọ olówó."

Kí ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e tó pé, ìyá mi ti gbọ́ pé ebi ń pa mí, pé mo ti rù, pé mo dúró lọ́jà tí mo ń na ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu Ìyá Rámù rí. Kì í purọ́. Á kàn fi ìtumọ̀ tirẹ̀ kún un.

Mo sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀. Nígbà náà, wàá ti sọ fún wọn ṣáájú, wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹni tó wà lọ́hùn-ún wá, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré sì ni wọ́n máa fún yín. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi. Ó ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn òun fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìkòròdú.

"Ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àlàáfíà ni, Ìyá mi. Ẹ gbọ́, ebi ò—"

"Ṣé ara le?"

"Ó le, mà. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Rámù—"

"Bàbá onílé ẹ ńkọ́? Àwọn ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ wọn? Àwọn ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́? Ẹni tó ń bá wa so fóònù yìí pọ̀ ńkọ́, ṣé dáadáa lòun náà wà?"

"A dúpẹ́, Màmá," ohùn ẹni tó ń so ó pọ̀ já sí àárín wa. "Àkókò ti pé."

Ó sì já a.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbàkigbà tí a bá pe ara wa. Bí ìkíni bá ti ń parí lọ ni wọ́n á já a, ọ̀rọ̀ gan-an á sì há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mo wá rí i pé ohun tó ń ba ènìyàn nínú jẹ́ lájò kì í ṣe pé kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Èmi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ látàárọ̀, lórí ìkòkò. Ẹni tí a ò ní kọ́kọ́ kí, tí a ò ní kọ́kọ́ bẹ̀rù, tó kàn máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti àárín, ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá.

Inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Èkó ni mo ti rí i. Mo lọ gba ọṣẹ àti oògùn ẹ̀fọn fún iṣẹ́ wa, mo sì gbọ́ fèrè idẹ kan tó ń dún láti ẹ̀yìn káńtà. Jáàsì ni, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Àmẹ́ríkà, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù sọ. Kò yára, kò sì lọ́ra. Ó dà bí ìgbà tí ọkùnrin kan bá dé ìlú tí kò mọ ẹnì kan, tó ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ògiri. Mo dúró síbẹ̀ tí mo gbàgbé ọṣẹ. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà ṣàlàyé fún mi pé àwo orin àtúntẹ̀ ni: ohùn náà ti pẹ́, àwọn tó ń fun ún, ẹlòmíràn nínú wọn ti kú, àwo ìgbà náà sì ti fọ́ tán nílé àwọn èèyàn, ni wọ́n bá wá ojúlówó rẹ̀ rí, wọ́n tún un tẹ̀ sórí nǹkan tuntun tó rọ̀ bíi rọ́bà, tí kì í fọ́ bó bá já bọ́. Ó jù ú sílẹ̀ kí n rí i. Kò fọ́. Mo rà á.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gba owó oṣù, ọkọ̀ Èkó ni. Mo ra giramafóònù àlòkù tí à ń fi ọwọ́ yí. Mo to àwọn àwo mi lóòró sínú páálí mílíìkì, nítorí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní bí mo bá tò wọ́n léra, ooru Ìkòròdú á ká wọn bí ewé gbígbẹ. Mo ní aṣọ rírọ̀ kan tí mo fi ń nu eruku wọn, n kì í fi nu ojú ara mi. Mo mọ ìgbà tí mo máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá sì ti tẹ àtúntẹ̀ òmíràn jáde, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù á fi ọ̀kan pamọ́ fún mi. Ojú àwo kan kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, gẹ́gẹ́ bí ti tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin yẹn fi fèrè sọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, èmi àti ìyá mi ò tíì sọ ìlàjì ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ìdálẹ̀.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e dún, lẹ́yìn ìrun alásàrí, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi ní àdúgbò Lásúnwọ̀n, mo yí giramafóònù, mo fi abẹ́rẹ́ lé e, mo jókòó, mo tẹrí ba. Kò tíì dé àárín tí mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá Sàlámì onílé mi ló dúró síbẹ̀, oníṣòwò pákó, ọkùnrin gàgàrà. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ agbádá.

"Ẹ kú ìnáwó o, Wolé-wolé. Kí la rí?"

"Kò sí ìnáwó kankan, sà."

"Orin ń dún."

"Mo kàn ń gbọ́ ọ ni."

"O ń gbọ́ ọ. Kí ló ṣẹlẹ̀ tí o fi ń gbọ́ ọ?"

 Ẹ dá a rò: ta lorin ń dún nílé ẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè láìbímọ, láìgbéyàwó, láìṣílé? Lẹ́yìn Bàbá Sàlámì, àwọn ará àdúgbò ti ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti fi ìpara pa ara. Àwọn tí mo ti bá tanwíji nínú ìkòkò wọn ló pọ̀ jù. Wọ́n jókòó, wọ́n kí mi kú orí ire, wọ́n ń wo ọ̀nà ibi tí oúnjẹ máa gbà wá. Mo ránṣẹ́ ra àkàrà àti ẹ̀kọ. Ọ̀kan nínú wọn jẹun tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Wolé-wolé, bí a bá fi èyí sí ti kóòtù, a ti di ọgbọọgba."

Ó di pé bí mo bá ti yí giramafóònù, àdúgbò á wẹ̀. Mo fi ìrọ̀rí dí ẹnu ẹ̀. Ìyẹn ló burú jù, wọ́n ní ìnáwó ìkọ̀kọ̀ ni mò ń ṣe, pé mi ò fẹ́ pe ènìyàn. N kò gbọ́ ojú àwo kan parí rí. Títí Bàbá Sàlámì fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wolé-wolé, ọmọ àlejò ni ẹ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n pè ẹ́ ní àpà. Nínú ilé mi, orin kì í dún lásán. Bí ò bá sí ohun tí à ń ṣe, tí orin tún dún, wá ilé míì. Ta tiẹ̀ ni ẹni tó ń fun nǹkan yìí?"

"Ará Àmẹ́ríkà ni, sà. Ó ti kú."

Ó wò mí. "Ó ti kú?"

"Ó ti pẹ́. Àwọn èèyàn ẹ̀ ló tún ohùn ẹ̀ tẹ̀, kó má baà parun."

"Ìwọ wá ń fi owó oṣù ẹ ra ohùn òkú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tí o ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí o ń tẹrí ba."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá Sàlámì ṣí fìlà. Ó jókòó sórí pákó ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa látọjọ́ yìí? A wá ń jẹ àkàrà lórí ọ̀fọ̀ ọlọ́fọ̀."

Mo la ẹnu kí n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó ti ń lọ láti ilé dé ilé. Èrò tirẹ̀ ṣe kedere: ẹni tí kì í ṣe ẹbí ẹni, ta ló máa ra ohùn òkú rẹ̀ sílé, tí yóò máa tẹrí ba sí i ní gbogbo ìrọ̀lẹ́? Àbúrò ló ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo yí giramafóònù, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn kọjá, mo gbọ́ ìyá kan tó ń sọ fún ọmọ ẹ̀ pé, "Dákẹ́, inú Wolé-wolé bàjẹ́." Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbọ́ ojú àwo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo yí i padà, mo gbọ́ ojú kejì. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ òótọ́: ṣé ẹ̀yin ò bá lọ pè wọ́n padà pé kí wọ́n wá máa pariwo?

Bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan nìyẹn, mo bá ẹní nílẹ̀ káàkiri àgbàlá. Àwọn àfáà ti jókòó. Sìlífá, ọmọ Bàbá Sàlámì, ẹni tó di ìyàwó mi lónìí, ń bu ìrẹsì sínú abọ́. Wọ́n fẹ́ ṣe fídáù fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní nítorí pé mo jẹ́ àlejò, n kò ní mọ ẹni tí n ó pè, ni àwọn fi dá a ṣe fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín síbí yìí. Àwọn ènìyàn tí mo ti fà lọ sí kóòtù ló dá ìrẹsì jọ.

Àfáà àgbà, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun, bi mí pé, "Kí lorúkọ olóògbé?"

Mo lọ gbé àwo orin náà jáde, mo wò ó. Mo kà á fún un bó ṣe wà níbẹ̀: Éburáhámù.

"Bùràímọ̀ ni," Àfáà ní. "Àwọn òyìnbó ni kò jẹ́ kó jẹ́ ẹ dáadáa. Níbo ló kú sí?"

"Àmẹ́ríkà, sà."

"Ọ̀nà jìn. Ìyá ẹ̀ ńkọ́, kí lorúkọ ìyá ẹ̀?"

"N kò mọ̀, sà."

 Bàbá Sàlámì wo ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan èjìká Àfáà, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a fo ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn ni." Àfáà mi orí bí àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: nínú gbogbo ohun tí mo sọ, èwo ni irọ́? Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo dá wọn lóhùn. Wọ́n gbàdúrà gidi, èmi náà ṣe àmín. Ọkùnrin náà fún mi ní nǹkan púpọ̀, àdúrà kan kò pọ̀ jù fún un.

Ṣùgbọ́n n kò wo ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ìyá Rámù jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì, ó ń gbọ́.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Bàbá mi ló ń pè láti Ẹ̀pẹ́. Bàbá mi kò fọwọ́ kan tẹlifóònù rí. Mo gbọ́ èémí ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Ta ni Bùràímọ̀?"

"Bàbá—"

"Ìyá ẹ ti kó jáde. Ó ti padà sí ilé bàbá ẹ̀. Ó ní ìwọ nìkan lòun bí fún mi, pé kí n wá sọ ibi tí mo ti rí ẹ̀gbọ́n ẹ, àti orúkọ ìyá tí gbogbo Ìkòròdú ń fò." Ó mí. "Ẹ̀kọ gbígbẹ ni mò ń jẹ. Àwọn ọkùnrin ní mọ́sálásí wá ń kí mi ní Bàbá Bùràímọ̀." Ó tún mí. Ohùn ẹ̀ sọ̀kalẹ̀. "Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ èémí mọ́, kí n má purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n má sọ ìyẹn fún ìyá ẹ."

"Bàbá, inú àwo ni Bùràímọ̀ wà."

"Inú àwo? Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Àkókò ti pé, Bàbá," ẹni tó ń so ó pọ̀ sọ, ó sì já a.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìfìwéránṣẹ́ náà pẹ́. Bàbá mi kò ṣẹ ẹnì kan. Àwọn òbí mi ti jọ ń jẹun látìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀dọ́. Bí ìyá mi bá bínú, a máa gbé ìkòkò lé iná síbẹ̀. Èyí tó kó jáde yìí, n kò rí irú ẹ̀ rí. Mo wá rò ó pé ìdálẹ̀ gan-an ni kí ọwọ́ ẹni máa da ilé rú láti ibi tí ẹnu ẹni kò dé.

Kí n tó rí ọkọ̀ tí n ó wọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìyá mi ti wọ tirẹ̀ wá. Ó dé lọ́sàn-án, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ́wọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ ebi ọjọ́sí ṣì wà lọ́kàn ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ẹ̀rín dání. Àwọn obìnrin ilé wa rọ́ jáde.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Màmá."

"N kò sọ ẹnì kan nù," ìyá mi ní. "Ṣe ni mo wá wá a. Níbo ló wà?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Ìyá mi, kì í ṣe ọmọ Bàbá. Òyìnbó dúdú kan ni, ará Àmẹ́ríkà, tó—"

"Ṣé Àmẹ́ríkà ni bàbá ẹ lọ lọ́dún tó ní òun ń lọ tún àwọ̀n ṣe ní Ìjẹ̀dẹ́, tí kò tètè dé?"

"Rárá, mà."

"Dákẹ́. Gbé Bùràímọ̀ wá. Mo fẹ́ gbọ́ ọ fúnra mi. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀ ni, èmi á mọ̀."

Mo gbé giramafóònù jáde sí àgbàlá. Mo yí i. Ìyá mi jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀, ó ká ọwọ́ sáyà. Bàbá Sàlámì wà níbẹ̀, Àfáà wà níbẹ̀, Sìlífá dúró ti ògiri. Mo fi abẹ́rẹ́ lé e. Fèrè náà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀nà. Kò sí ẹni tó mira. Ní àárín rẹ̀, ibì kan wà tí ọkùnrin náà ti gbé ohùn kan lọ sókè tó sì dá a dúró síbẹ̀, ó dá a dúró, ó dá a dúró, bí àṣá tó na ìyẹ́ sójú ọ̀run tí kò jù ú. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ìyá mi gbé orí sókè.

Ó parí. Ìyá mi ní, "Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Nígbà tó dé ibi tí ohùn náà ti dúró lókè, ìyá mi na ìka sí i.

"Ibẹ̀ yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fun ún?"

"Ẹnì kan ni, mà."

"Ẹlòmíràn ò bá a parí ẹ̀?"

"Rárá, mà."

Ikùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà èjìká. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ìyá mi tó fi di apẹ̀rẹ̀ ẹja mú kó má baà ṣubú.

"Ọmọ Bàbá Aláwọ̀n," ó ní. "Ọmọ ẹni tí kò lè fẹ́ iná kó jò. Ọmọ ẹni tó pe ìrun dé àárín tó fi Ọlọ́run sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ ṣeun o, ẹ tú mi sílẹ̀. Inú ìdílé yẹn, èémí báyìí kò lè ti ibẹ̀ jáde láéláé." Ó nu ojú. "Bàbá Aláwọ̀n, ó mà ṣe o. Mo wá fi ebi pa á."

Ó sọ ìtàn ìpe-ìrun náà fún gbogbo àgbàlá, ó fi bí bàbá mi ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn tó ń kọjá fi dúró. Ó ní ọkọ̀ àkọ́kọ́ lòun máa wọ̀ lọ́la, pé òun máa lọ se ọbẹ̀ fún ọkọ òun.

Bàbá Sàlámì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín tán. Ó kọjú sí Àfáà. "Ta wá la ṣe fídáù fún?"

"Bùràímọ̀," Àfáà ní. "Ṣé a ti rí òkú tó kọ àdúrà rí?"

Onílé mi ronú sí i. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé, "Máa gbọ́ orin ẹ. Ẹni tí a bá ti ṣe fídáù fún nílé mi, kì í ṣe àlejò mọ́. Ìwọ náà, o ti bá a di ará ilé."

Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Mo ti ń wá bí n ó ṣe di ará Ìkòròdú látọjọ́ tí mo ti dé, pẹ̀lú kakí, pẹ̀lú fìlà. Òkú ará Àmẹ́ríkà kan tí kò mọ ibi tí Ìkòròdú wà ló ṣáájú mi dé ibẹ̀, òun ló tún wá fà mí wọlé. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sin ìyá mi lọ sí ẹ̀bá omi. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, inú ẹ̀ dùn, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, ó ń kí àwọn tí kò mọ̀. Ọkọ̀ kan láti Ìjẹ̀dẹ́ ti gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó kó abọ́ òfìfo sábẹ́ apá. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, níbo ni wọ́n ti ń ṣe fídáù afunfèrè? Mo gbọ́ pé ìrẹsì wà."

"Wọ́n ti ṣe é tán, Bàbá."

"Háà. Ó dùn mí." Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Èmi àti Bùràímọ̀ la jọ dàgbà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní fèrè nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀dẹ́."

Mo wo ẹ̀yìn mi. Ìyá mi ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀.

"Bàbá," mo ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kì í ṣe Bùràímọ̀ yẹn."

"Bùràímọ̀ ọmọ Aláwọ̀n kọ́? Mo kúkú mọ bàbá ẹ̀, ọkùnrin tí kì í lè mí yẹn. Gbogbo ojú bàbá náà ló gbé." Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rántí ohun dídùn. "Èémí ló jogún lọ́wọ́ ìyá ẹ̀."

Awakọ̀ ní ọkọ̀ ń lọ. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde. Ó tún gèlè so, ó wá ibi tó mọ́ létí omi fún bàbá arúgbó náà, ó tẹ́ ìborùn ara ẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ó ní. "Kí lẹ pe ìyá ẹ̀?"